OHÙN ÀGBẸ̀ NÍNÚ ÈTÒ INÁ MỌ̀NÀMỌ́NÁ ÀTI ÌTỌ́JÚ ÀYÍKÁ

Ẹ̀yin àgbẹ̀ Ìpàrà àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní agbègbè Àríwá Rẹ́mọ, ọ̀rọ̀ tí ìwé yìí fẹ́ bá yín sọ kì í ṣe ti ajílẹ̀ tàbí ti oògùn kòkòrò. Ọ̀rọ̀ iná tí ń yí ẹ̀rọ tí a fi ń lọ ẹ̀gẹ́ ni, àti ti ilẹ̀ òun omi tí a fi ń ṣiṣẹ́ oko. Òfin ti fún ará ìlú àti ìjọba ìbílẹ̀ ní àyè láti sọ èrò wọn lórí nǹkan méjèèjì kí a tó fẹnu ọ̀rọ̀ jóná. Púpọ̀ nínú wa ni kò mọ̀ pé àyè náà wà.

Ẹnikẹ́ni tí ó ń fi epo pẹtiróòlù yí ẹ̀rọ kò lè gbàgbé ọdún 2023. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún náà ni a kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, lítà kan tí kò tó 200 náírà fò sókè dé nǹkan bí 500 náírà. Owó ẹ̀gẹ́ lílọ̀ gbéra, owó ọkọ̀ tẹ̀ lé e, ẹni tí ń yan gààrí ni ó sì ru ẹrù méjèèjì.

Iná ìjọba náà yí padà. Láti ọdún 2020 ni a ti pín àwọn oníbàárà sí ìpele 5, gẹ́gẹ́ bí wákàtí iná tí ó tọ́ sí wọn lóòjọ́: ìpele A kò gbọdọ̀ rí iná tí kò tó wákàtí 20, B 16, C 12, D 8, E 4. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni NERC, àjọ tí ń ṣe àkóso iná, gbé owó ìpele A dé 225 náírà lórí yúníìtì kan. Ẹ béèrè ìpele tí ẹ wà. Ẹni tí kò mọ iye wákàtí tí ó tọ́ sí i, kò lè mọ ìgbà tí a rẹ́ ẹ jẹ.

Tẹ́lẹ̀ rí, ìpínlẹ̀ kò lè ṣe òfin iná àfi fún ibi tí wáyà ìjọba àpapọ̀ kò dé. Àtúnṣe òfin ilẹ̀ wa ti ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 2023 mú ìdènà yìí kúrò, Òfin Iná Mọ̀nàmọ́ná sì tẹ̀ lé e ní oṣù Kẹfà. Nítorí náà, ẹjọ́ iná tí a máa ń gbé dé Àbújá nìkan nígbà kan ti di ohun tí a lè gbé tọ àwọn aṣòfin wa lọ ní Abẹ́òkúta.

Ṣùgbọ́n ibi tí ohùn àgbẹ̀ ti lágbára jù ni ti ilé iná kékeré, irú èyí tí a fi oòrùn ṣe fún ìlú tàbí abà kan. Ìlànà NERC tí ó jáde ní ọdún 2016, tí a tún ṣe ní 2023, pín in sí ọ̀nà méjì. Bí abà bá wà níbi tí wáyà kò dé, a lè fi ìṣirò àjọ náà dá iye owó iná, tàbí kí a fi àdéhùn dá a. Ṣùgbọ́n àdéhùn náà kò múlẹ̀ bí ìfọwọ́sí àwọn oníbàárà kò bá tó ìdá 60 nínú 100. Bí wáyà bá ti wà nílẹ̀, tí iná inú rẹ̀ kò kàn tó, ẹni mẹ́ta ni yóò jùmọ̀ ṣe àdéhùn: ará ìlú, ẹni tí yóò kọ́ ilé iná náà, àti ilé-iṣẹ́ tí ń pín iná, èyí tí í ṣe IBEDC ní ọ̀dọ̀ wa.

A kò ní láti lọ jìnnà wá àpẹẹrẹ. Ní Mókólókì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Òwódé ní ìpínlẹ̀ Ògùn yìí, wáyà wà ṣùgbọ́n iná kò tó nǹkan, ẹ̀rọ amúnáwá kéékèèké ni a sì fi ń ti ara ẹni lẹ́yìn. Ará ìlú, IBEDC àti ilé-iṣẹ́ Nayo Tropical Technology ṣe àdéhùn, ilé iná oòrùn oní-100 kìlówáàtì sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kejì ọdún 2020. Yúníìtì rẹ̀ wọ́n ju ti IBEDC lọ, ṣùgbọ́n kò wọ́n tó iná tí a ń fi epo rà. Kí a má fi bò: iná oòrùn kì í ṣe ọ̀fẹ́, ẹni tí ó bá sọ fún yín pé ọ̀fẹ́ ni, ẹ ní kí ó kọ ọ́ sínú ìwé.

Ẹni tí yóò bá oníṣòwò dúnàádúrà gbọ́dọ̀ mọ iye tí òun ń ná. Kí ẹgbẹ́ ra ìwé kan, kí oníẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan máa kọ lítà epo tí ó rà àti agbọ̀n ẹ̀gẹ́ tí ó lọ̀ fún oṣù kan. Ká ní ènìyàn ń ra lítà 5 lóòjọ́, tí lítà kan jẹ́ 1,000 náírà; ọjọ́ iṣẹ́ 20 ti gba 100,000 náírà lọ́wọ́ rẹ̀. Irú iye yìí ni kí a gbé lé tábìlì. Kí a sì kíyè sí àwọn tí ń fọwọ́ sí ìwé. Bí àgbà ọkùnrin méjì tàbí mẹ́ta bá fọwọ́ sí i, tí a kò pe àwọn ìyá tí ń yan gààrí, àwọn tí yóò lo iná náà jù ni a kò bi léèrè.

Irú àyè bẹ́ẹ̀ wà fún ọ̀rọ̀ àyíká. Lẹ́yìn tí a kó májèlé wọ Koko ní ọdún 1988 ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe òfin àyíká, ti ọdún 1992 sì pàṣẹ pé kí a yẹ ìpalára iṣẹ́ ńlá wò kí a tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí a sì fún ará ìlú ní àǹfààní láti sọ̀rọ̀ sí ìwé àyẹ̀wò náà kí a tó pinnu. Ọ̀rọ̀ yìí kan Rẹ́mọ gan-an. Ní Ògijo, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ṣàgámù, àwọn ilé-iṣẹ́ ń yọ́ òjé láti inú bátìrì àlòkù. Ní ọdún 2025 ni a rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará àdúgbò náà, ìjọba sì ti àwọn kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí. Òjé tí ó bá ti wọ ilẹ̀ kì í jẹrà bí ewé. Nítorí náà, bí a bá ń ṣe àdéhùn iná oòrùn, kí a béèrè ẹni tí yóò kó bátìrì lọ nígbà tí ó bá kú, àti ibi tí yóò kó o lọ.

Èrò tí a sọ lẹ́nu níbi ìpàdé kì í pẹ́ gbàgbé. Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ ọ́ sí ìwé méjì, kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fọwọ́ sí i, ẹni tí kò mọ̀wé kí ó tẹ̀ka. Kí a mú un lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìsarà, kí wọ́n gba ọ̀kan, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ sí èkejì, èyí tí ẹgbẹ́ yóò tọ́jú.