Kòkòrò Ẹ̀wà: Ohun tí Òróró Olóòórùn Lè Ṣe, àti Ohun tí Kò Lè Ṣe

Kòkòrò tó ń lu ẹ̀wà kì í ṣe inú àpò ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Láti oko ló ti ń bá a bọ̀. Abo rẹ̀ á lẹ ẹyin mọ́ èèpo hóró. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ ó rí i, funfun, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ìdin á gba abẹ́ ẹyin wọnú hóró, yóò sì máa jẹ ẹ́ láti inú. Nínú ooru ilẹ̀ wa, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, ó ti di kòkòrò, ó ti dá ihò jáde, ó sì tún ń yé.

Ẹ dákun, ẹ má da ọ̀tápíàpíà sí ẹ̀wà. Dichlorvos inú rẹ̀ tó ń pa kòkòrò máa ń ṣe ènìyàn náà lọ́ṣẹ́. Tìtorí rẹ̀ ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà ní 2015. Ní 2019, NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, fòfin de títà dichlorvos nínú ìgò kékeré.

Ìyèré, kànáfùrù, efinrin àti èèpo ọsàn ní òróró olóòórùn tí a lè fi gbógun ti kòkòrò yìí. Òróró yìí yàtọ̀ sí òróró ẹ̀pà. Ẹ kán òróró ẹ̀pà sórí bébà, àbàwọ́n rẹ̀ á dúró síbẹ̀. Ẹ kán ti èèpo ọsàn, yóò gbẹ, yóò bá afẹ́fẹ́ lọ.

Bíbá afẹ́fẹ́ lọ yẹn gan-an ni agbára rẹ̀. Àwọn ihò tíntìntín ẹ̀gbẹ́ ara ni kòkòrò fi ń mí. Oòórùn náà á gba ibẹ̀ wọlé, á sì da ètò ara rẹ̀ rú. Àléébù rẹ̀ náà kò jìnnà síbẹ̀: bí àpò bá ṣí sílẹ̀, oòórùn ti lọ. Ìdin tó ti wọ inú hóró sì ti fi ògiri bo ara rẹ̀. Nítorí náà, ìdérí ṣe pàtàkì ju òróró lọ, kí ẹ sì tètè ṣe é, kété tí ẹ bá kórè.

Ẹ sá ẹ̀wà kó gbẹ dáadáa, ẹ fi ajọ̀ jọ̀ ọ́. Ẹ lọ ìyèré gbígbẹ, ẹ pò ó mọ́ ọn, kí ẹ dà á sínú kẹ́ẹ̀gì tó ní ìdérí líle. (Àwọn ìyá wa tó ń kó ata gbígbẹ sínú ìkòkò ẹ̀wà kò ṣe é lásán.) Bí owó yín bá mọ níwọ̀n, àpò onípele mẹ́ta la ó ní kí ẹ kọ́kọ́ rà. Ẹ kún un, ẹ fún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, kí ẹ so ó le. Kòkòrò kò ní rí èémí mí.

Òróró ẹ̀pà náà wúlò, àmọ́ ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀: kì í jẹ́ kí ẹyin mí. Mìlílítà 5, ìyẹn ṣíbí tíì kan, ló tó kílò 1. Àpò kílò 50 kò ní gbà ju mìlílítà 250 lọ, kò tó ìgò mínírà kan. Ẹ pò ó títí yóò fi kan gbogbo hóró.

Òróró olóòórùn tí wọ́n ti fi ooru omi gbígbóná yọ le gan-an. Ó ń ta awọ ara àti ojú, iná sì tètè ń ràn án. Ẹ gbé e jìnnà sí ọmọdé. Ẹ fọ ẹ̀wà dáadáa kí ẹ tó sè é.

Bí ẹ bá fẹ́ gbin díẹ̀ nínú ẹ̀wà tí ẹ tọ́jú, ẹ kọ́kọ́ ka hóró 10 sínú aṣọ tútù, kí ẹ wo iye tí yóò hù.