Síìmù Òyìnbó Wọlé, Kóòdù Báǹkì Kò Wọlé Mọ́: Kí Ló Fà Á?

Ìbéèrè kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù: "Mo yọ síìmù Nàìjíríà, mo fi ti ibí sí i. WhatsApp mi ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kóòdù báǹkì mi kò wọlé mọ́. Ṣé fóònù mi ti bàjẹ́ ni?"

Rárá o. Ọ̀nà wọn ló yàtọ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni WhatsApp ń gbà. Dátà síìmù yòówù tàbí Wi-Fi ti tó o. Ìgbà tí ẹ bá ń forúkọ sílẹ̀ ló nílò nọ́ńbà yín. Bó bá wá bi yín bóyá ẹ fẹ́ pààrọ̀ nọ́ńbà, ẹ ní rárá, ẹ máa lo ti ilé lọ. Ṣùgbọ́n SMS, inú síìmù fúnra rẹ̀ ló ń wọ̀. Síìmù tó wà nínú àpò kò lè gba nǹkan kan.

Ewu tó wà níbẹ̀ rèé. Lábẹ́ òfin NCC ní Nàìjíríà, bí ẹ kò bá fi nọ́ńbà kan pè, tẹ SMS tàbí lo dátà fún oṣù 6, wọ́n lè tì í pa. Bó bá tún lo oṣù 6 sí i bẹ́ẹ̀, wọ́n lè tà á fún ẹlòmíràn. Ọwọ́ ẹni yẹn ni kóòdù báǹkì àti ti WhatsApp yín yóò máa bọ́ sí.

Kí wá ni ṣíṣe?

Ẹ lo fóònù tó ń gba síìmù méjì, tàbí kí ẹ gba eSIM lọ́hùn-ún, kí ti ilé dúró sáyè rẹ̀. Kí ẹ tó wọ bàálù, ẹ ní kí wọ́n ṣí roaming fún un, ẹ bèèrè iye tó jẹ́, kí ẹ sì ra káàdì sí i. Ẹ pa dátà rẹ̀, kó má baà jẹ owó yín tán. Kó tó pé oṣù 6, ẹ fi tẹ SMS kan.

Bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ kò ní lè tọ́jú nọ́ńbà náà, ẹ yí i padà ní báǹkì àti lórí WhatsApp nígbà tó ṣì ń gba SMS.

Ẹ̀kan péré ló kù: ẹ yọ 0 iwájú nọ́ńbà àwọn ará ilé, kí ẹ fi +234 sí i. Síìmù òyìnbó kò mọ 080 tiwa.

Ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sí ẹbí yín tó ń múra ìrìn àjò. Ó dìgbà kan ná.