Orin Tí Ń Mú Àárò Sọ Ni: Ìdí Tí Orin Àtijọ́ Fi Ń Gbé Wa Padà Sí Ìgbà Èwe

Ohun tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí kò ní ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó ti pẹ́ díẹ̀ nínú ìjọ. Ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí káàkiri ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ìgbà ìkórè, ọdún Kérésìmesì àti ìsìnkú àwọn àgbà ni àwọn ọmọ wa tí ń gbé ní Èkó, ní Ìbàdàn àti ní òkè òkun máa ń wá sílé. Ní alẹ́ àìsùn, bí adarí orin bá fa orin kan yọ tí a ti kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, ẹ ó rí àgbàlagbà tí ó ti ń wo aago ọwọ́ rẹ̀ láti ìgbà tí ìsìn ti bẹ̀rẹ̀, tí yóò ṣàdédé gbé orí sókè. Ojú rẹ̀ yóò yí padà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ orin náà nìkan ni ó rántí. Ó rántí àga onígi tí ó jókòó lé nígbà náà, ọ̀rẹ́ tí ó jókòó tì í, òórùn kẹrosíìnì inú àtùpà àti pàṣán olùkọ́. Àwọn baba wa ní orúkọ fún ohun tí ó dé bá a yìí. Wọ́n ní àárò ni ó ń sọ ọ́.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé adùn orin náà ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1688, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní ìlú Basel ní ilẹ̀ Switzerland, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Johannes Hofer, kọ ìwé nípa àìsàn kan tí ó máa ń ṣe àwọn tí ó jìnnà sí ilé. Ó so ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì pọ̀, ọ̀kan túmọ̀ sí ìpadàbọ̀ sílé, èkejì túmọ̀ sí ìrora, ó sì fi sọ àìsàn náà ní orúkọ tí gbogbo ayé ń pè é títí di òní. Ní ọgọ́rin ọdún lẹ́yìn rẹ̀, ní 1768, Jean-Jacques Rousseau kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ tí ó fi túmọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ orin, pé a fi òfin líle de orin àwọn darandaran ilẹ̀ Switzerland láàrin àwọn ọmọ ogun wọn tí ń jagun fún ọba ilẹ̀ òkèèrè. Bí wọ́n bá gbọ́ orin náà, ẹkún ni; àwọn mìíràn a sì sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ogun. Èyí tí ó wúlò jù fún wa ni àkíyèsí tí Rousseau fi kún un: ó ní orin kan náà kì í ṣe nǹkan kan fún àlejò tí ó bá gbọ́ ọ. Agbára náà kò sí nínú ohùn orin, bí kò ṣe nínú ìrántí tí ẹni tí ó gbọ́ ọ ti so mọ́ ọn. Ẹni tí ó bá ka Orin Dáfídì 137 mọ̀ pé àwọn ìgbèkùn ní etí odò Bábílónì ti mọ èyí tipẹ́. Orin Síónì tí àwọn ará Bábílónì ń béèrè fún ìdárayá, ọgbẹ́ ni ó jẹ́ fún àwọn tí ó mọ ibi tí orin náà ti wá.

Ìgbà wo wá ni orin máa ń wọ inú ẹni jù? Àwọn tí ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìrònú ẹ̀dá ti rí i pé bí a bá ní kí ẹni tí ó ti lé ní ogójì ọdún máa ka ohun tí ó rántí nínú ayé rẹ̀, ìrántí a máa pọ̀ jọjọ láti ìgbà tí ó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún 10 títí dé 30. Kò ṣòro láti mọ ìdí rẹ̀. Ìgbà náà ni a kọ́kọ́ fi ilé sílẹ̀, tí a kọ́kọ́ gba owó iṣẹ́, tí a kọ́kọ́ rí ẹni tí ọkàn wa fẹ́, tí a sì kọ́kọ́ sunkún ẹni wa tí ó kú. Ìgbà náà ni a ń di ẹni tí a ó jẹ́. Orin tí ó bá wà ní ẹnu wa ní àkókò yẹn a máa bá wa gbé. Ní ọdún 2009, Petr Janata ti Yunifásítì California ní Davis gbé ìwádìí kan jáde. Ó mú kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 13 gbọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú orin 30 tí ó gbajúmọ̀ nígbà tí wọ́n wà láàrin ọmọ ọdún 8 sí 18, ó sì fi ẹ̀rọ wo ọpọlọ wọn bí wọ́n ti ń gbọ́ ọ. Ó rí i pé apá kan nínú ọpọlọ, lẹ́yìn iwájú orí, ni orin àti ìrántí ayé ẹni ti ń pàdé. Apá yìí wà lára àwọn tí àrùn Alzheimer, èyí tí ń sọ àgbàlagbà di ẹni tí kò mọ ọmọ rẹ̀ mọ́, kì í tètè bà jẹ́. Ní ọdún 2015, àwọn onímọ̀ ní ìlú Leipzig ní Jámánì tún rí i pé àwọn ibì kan nínú ọpọlọ tí ń tọ́jú orin tí a ti mọ̀ tipẹ́ wà lára èyí tí àrùn náà kì í fi bẹ́ẹ̀ fọwọ́ kàn.

Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé àlùfáà tí ó bá gbé oúnjẹ alẹ́ Olúwa lọ fún àwọn àgbà nínú ilé lè bá ìyá kan tí kò dá ẹnikẹ́ni mọ̀, tí kò sì lè sọ gbólóhùn kan tán, ṣùgbọ́n tí yóò bá a kọ ẹsẹ mẹ́rin orin láìfi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Kì í ṣe pé ara rẹ̀ ti dá, kò sì yẹ kí a sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ọ̀nà kan ni kò tíì dí.

Orin ní okùn púpọ̀ tí ó fi ń fa ìrántí: ohùn rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀, ìlù rẹ̀, àti bí ara ti ń mì sí i. Bí okùn kan bá já, òmíràn a mú un. Nínú èdè Yorùbá, okùn àkọ́kọ́ àti ìkejì máa ń fẹ́ jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, nítorí ohùn ni ó ya igbá, ìgbà àti igba sọ́tọ̀. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní oṣù karùn-ún ọdún 1892, tí ẹ̀sìn Kristi sì tàn kálẹ̀ kánkán ní ilẹ̀ wa, orin tí àwọn baba wa gbà jẹ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a wọ aṣọ orin Gẹ̀ẹ́sì fún. Nígbà mìíràn orin a gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀, ọmọdé a sì máa kọ ohun tí kò yé e. Síbẹ̀ bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ: lẹ́yìn ìran mẹ́rin, àwọn orin wọ̀nyẹn ti di orin ìyá àti ìyá àgbà wa. Bí ẹ bá tún ọ̀rọ̀ wọn ṣe kí ó lè bá ohùn mu, àwọn àgbà yóò bínú sí yín, ìdí sì wà fún ìbínú náà.

Àwọn kan gba ọ̀nà mìíràn. Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kútì ti Abẹ́òkúta, bàbá bàbá Fẹlá, bẹ̀rẹ̀ sí ṣe orin ìbílẹ̀ tí ohùn rẹ̀ ń tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. Nígbà tí ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1922, ó kọ orin 43 sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ Zonophone, a sì ṣì lè gbọ́ ohùn rẹ̀ lónìí bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti kú láti ọdún 1930. T. K. E. Phillips, tí ó tẹ dùùrù ní Kàtídírà Kristi ní Marina, Èkó, láti 1914 dé 1962, kọ ìwé kan jáde ní 1953 lórí bí orin àti ọ̀rọ̀ Yorùbá ti gbọ́dọ̀ bá ara wọn rìn. Orin tí Àlùfáà A. T. Ọlá Olúdé ti Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ṣe ní èdè Yorùbá ní 1949 rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi wọ inú ìwé orin àwọn Mẹ́tọ́díìsì Amẹ́ríkà tí ó jáde ní 1989. Irú orin báyìí ni onígángan lè fi ìlù nìkan pè, tí gbogbo àwùjọ yóò sì dá a mọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu.

A kò lè sọ̀rọ̀ yìí ní Ìjẹ̀bú kí a má dárúkọ Hubert Ògúndé, ọmọ Òsósà, tí a bí ní 1916. Nínú ìjọ ni eré rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀: Ìjọ Olúwa ní Èbúté-Mẹ́ta ni ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ṣe eré orin nípa Ọgbà Édẹ́nì àti Ìtẹ́ Ọlọ́run, tí wọ́n fi hàn ní Èkó ní 1944. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, ó ṣe Yorùbá Ronú, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sì fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀ títí di 1966. Ẹni tí ó ti tó ọmọ ogún ọdún nígbà náà, bí ó bá gbọ́ orin eré yẹn lónìí, kì í ṣe adùn nìkan ni yóò rántí. Yóò rántí ilé tí a sun, ìbò tí ó di ìjà, àti bàbá tí kò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ jáde lálẹ́. Àárò kì í fìgbà gbogbo jẹ́ oyin. Àwọn olóyè ìjọ kan sì wà (a kò ní dárúkọ wọn) tí àpàlà Hárúnà Ìṣọ̀lá, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó tí ó kú ní 1983, ń mú ojú wọn rọ̀ ju orin ìwọlé lọ. Kò yẹ kí ìyẹn yà wá lẹ́nu. Ohun tí ó wà ní afẹ́fẹ́ nígbà tí wọ́n jẹ́ ọmọ ogún ọdún nìyẹn.

Ohun kan tún wà tí ó kan àwọn ìyá àti bàbá. Carol Krumhansl àti Justin Zupnick ti Yunifásítì Cornell rí i nínú ìwádìí tí ó jáde ní 2013 pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà ní bí ọmọ ogún ọdún ní ìrántí tí ó jinlẹ̀ nípa orin ìgbà èwe àwọn òbí wọn, orin tí ó ti jáde kí a tó bí wọn. Inú ilé ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ tí a bí sí Peckham lè má gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n bí ìyá rẹ̀ bá ń kọ orin nígbà tí ó ń fọ àwo, orin náà ti wọlé sí i lára.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan ìjọ wa gbọ̀ngbọ̀n. Ní ọ̀pọ̀ ìjọ lónìí, a ti fi ìwé orin sílé, ara ògiri ni a ti ń ka ọ̀rọ̀ orin, orin ọdún yìí kì í sì í ṣe ti ọdún tí ń bọ̀. A kò sọ pé àwọn orin tuntun kò dára; àwọn kan dára ju orin àtijọ́ tí a ń fi ẹnu lásán kọ lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 12 tí ń kọrin ní ilé Ọlọ́run lónìí yóò di ẹni 80 ọdún ní ọjọ́ kan. Bí orin rẹ̀ bá ń yí padà ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, tí kò sí èyí tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jùmọ̀ mọ̀ sórí, kí ni ẹni tí ó bá wá bẹ̀ ẹ́ wò lórí ibùsùn yóò kọ fún un? Nínú Deutarónómì 31, Ọlọ́run pàṣẹ fún Mósè pé kí ó kọ orin kan sílẹ̀, kí ó sì fi kọ́ àwọn ọmọ Ísírẹ́lì, nítorí pé orin náà kò ní parun ní ẹnu ìran wọn, àní nígbà tí wọ́n bá ti yà kúrò lọ́nà.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìkìlọ̀ díẹ̀ kún un. Omijé tí ń bọ́ ní alẹ́ àìsùn kì í ṣe ìrònúpìwàdà nígbà gbogbo, ó lè jẹ́ àárò lásán, oníwàásù tí kò bá mọ ìyàtọ̀ wọn yóò kó ìkórè tí kò sí. Ìrántí tí orin bá mú wá a máa hàn kedere, síbẹ̀ kì í fìgbà gbogbo jẹ́ òtítọ́. A máa gbàgbé ebi àti ìgbóná tí ó pa àwọn ọmọdé ní ìgbà tí a ń pè ní ìgbà dáadáa. Oníwàásù 7:10 bá irú ìrònú bẹ́ẹ̀ wí. Ó sì yẹ kí a ṣọ́ra fún opó àti òbí tí ọmọ kú mọ́ lójú, nítorí orin tí a kọ ní ọjọ́ ìsìnkú lè ṣí ojú ọgbẹ́ padà.

Fún àwọn àlùfáà àti ẹgbẹ́ tí ń bẹ àwọn aláìsàn wò, àwọn ọmọ ilé ni kí ẹ kọ́kọ́ bi léèrè: ìjọ wo ni bàbá ti dàgbà, ta ni olùkọ́ rẹ̀, orin wo ni ó máa ń kọ nígbà tí ó wà lọ́dọ̀ọ́? Orin tí a ń kọ ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi kò lágbára tó èyí tí ó ti pẹ́ tí ó ti gbọ́, nítorí ìrántí púpọ̀ ti gun orí ara wọn nínú ti àkọ́kọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ohùn ìsàlẹ̀, torí ohùn àgbà ti wálẹ̀. Ẹ má ṣe yára. Lẹ́yìn ìlà kìíní, ẹ dákẹ́ kí ẹ sì dúró, ó lè tó ìṣẹ́jú kan kí ó tó gba ìlà kejì lẹ́nu yín.