Ìpáàrà, Aṣọ Pupa Irin

Kò sí ọmọ Yorùbá tí ó dàgbà tí kò mọ ìpáàrà, A-jẹ-irin-láìní-eyín, tí í gun ọkọ́ tí a gbàgbé sí oko, tí í jẹ ìdè ilẹ̀kùn, tí í lu páànù orí ilé, tí kì í pariwo, tí kì í sì í kánjú, nítorí díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà. Bí irin bá ti dógùn-ún, àwọn ènìyàn a ní ó ti bàjẹ́, ó ti parí. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ipò tí irin wà kí ẹnikẹ́ni tó wú u nínú ilẹ̀ ni ó ń padà sí.

Afẹ́fẹ́ nìkan kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, bẹ́ẹ̀ ni omi nìkan kò lè ṣe é. Ìṣó tí a fi sínú omi tí a ti sè títí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ fi jáde, tí a sì da òróró lé lórí, yóò wà níbẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀ láì dógùn-ún. Èyí tí ó wà nínú ìgò gbígbẹ yóò sì máa dán. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà: ìgbà tí omi àti ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ bá jọ pàdé lára irin ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, bí iyọ̀ bá sì wà nínú omi náà, bí ó ti rí létí òkun ní Èkó àti Àgbádárìgì, a máa yá kánkán.

Irin ní àwọn ohun wínníwínní kan lára tí a ń pè ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, ọ́síjìn sì ń ṣe ojúkòkòrò sí wọn. Yíyọ̀ǹda tí irin yọ̀ǹda wọn yìí ni àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ń pè ní ọ́sídéṣọ̀n. Kí ìṣirò má bàa dàrú, wọ́n fún átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, bí oníṣòwò ti í kọ ohun tí ó jáde àti ohun tí ó wọlé sínú ìwé, wọ́n sì ń ṣírò rẹ̀ bí ẹni pé ohun tí ẹnì kan fi sílẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ èkejì pátápátá. Irin tí ó dá wà, nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ òdo; nínú ìpáàrà ó di +3, ọ́síjìn sì di -2. Bí a bá yọ omi tí ó rọ̀ mọ́ ìpáàrà kúrò, átọ́ọ̀mù irin 2 ni ń bẹ níbẹ̀ fún ọ́síjìn 3: 3 lọ́nà 2 jẹ́ 6, 2 lọ́nà 3 náà jẹ́ 6, kò sì sí ohun tí ó sọnù. Nítorí ọ́síjìn tí ó wọ̀ ọ́ lára, irin tí ó wọn gíráàmù 112 yóò di 160.

Irin +3 yìí kan náà ni ó pa ilẹ̀ pupa wa láró, tí ó sì mú yangí, òkúta Èṣù, pọ́n bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ń pọn omi kànga jíjìn ní ibi tí irin pọ̀ sí lábẹ́ ilẹ̀ mọ̀ pé omi náà lè mọ́ gaara nígbà tí ó ń jáde, nítorí irin +2 ni ó yòrò sínú rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ sí i díẹ̀, irin náà a di +3, a pọ́n, a sì rọ̀ sí ìsàlẹ̀ garawa, ègbé sì ni fún aṣọ funfun tí a bá fi fọ̀.

Àwọn baba wa mọ bí a ti í dá irin padà. Ní 1904, òyìnbó kan tí ń jẹ́ C. V. Bellamy kọ̀wé nípa àwọn tí ń yọ́ irin ní Ola-Igbi lẹ́bàá Ọ̀yọ́. Nínú ìléru bẹ́ẹ̀, èéfín gbígbóná tí ó ti ara èédú jáde ni í já ọ́síjìn gbà lọ́wọ́ òkúta tí irin wà nínú rẹ̀. Kábọ̀nù inú èéfín náà a gòkè láti +2 sí +4, irin a sọ̀ kalẹ̀ láti +3 sí òdo, ìdàrọ́ a sì ṣàn lọ. Iṣẹ́ ńlá ni àwọn ọmọ Ògún Lákáayé ṣe, ó sì tọ́ kí a máa kọ́ àwọn ọmọ wa nípa ìléru wọn nígbà tí a bá ń kọ́ wọn ní nọ́ńbà wọ̀nyí.

Irin wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa pẹ̀lú, +2 ni nọ́ńbà rẹ̀ nígbà tí ó bá ń lọ gba ọ́síjìn nínú ẹ̀dọ̀fóró. Bí ó bá ṣèèṣì di +3, kò lè gbé ọ́síjìn mọ́. Nítorí náà ni ara fi ní èròjà kan nínú ẹ̀jẹ̀ tí ń dá a padà sí +2, tọ̀sán tòru.