Zonophone: Àwo Tí Ó Gba Ohùn Àwọn Baba Wa

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní ìlú Oǹdó Ẹkímògún, ohun kan wà ní pálọ̀ bàbá àgbà mi tí ọmọdé kankan kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, àfi ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ń yún pàṣán: àpótí onígi kan tí ó ní ìwo, tí a óò kọ́kọ́ fi ọwọ́ wé títí yóò fi le dáadáa, tí a óò wá gbé abẹ́rẹ́ irin lé ẹ̀yìn àwo dúdú kan, kí ohùn ẹni tí kò sí nínú ilé ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin. Owó kòkó ni bàbá fi rà á ní Èkó. Sónófóònù ni a ń pe orúkọ tí ó wà láàárín àwo tí bàbá fẹ́ràn jù, bẹ́ẹ̀ Zonophone ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àjíǹde kan, ẹ̀gbọ́n mi jókòó lé àwo náà láìmọ̀, ó sì fọ́ yángá. Àwo ìjẹun àti àwo orin, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, ikú kan náà ni ó sì ń pa wọ́n.

Ìlú Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí Zonophone, ní ọdún 1899, láti ọwọ́ oníṣòwò kan tí ń jẹ́ Frank Seaman, kò sì pẹ́ tí ó fi ta gbòǹgbò dé Berlin ní ilẹ̀ Jámánì. Ní ọdún 1903, Enrico Caruso, ọmọ Ítálì tí okìkí ohùn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kàn, kọ orin sínú àwo wọn ní ìlú Milan. Ní ọdún yẹn kan náà ni ilé-iṣẹ́ Gramophone ti Lọ́ńdọ̀nù gbé wọn mì bí ẹja ńlá ti ń gbé ẹja kékeré mì. Wọn kò pa orúkọ náà rẹ́ o. Àwo tí ó ní àmì ajá tí ń tẹ́tí sí ohùn olówó rẹ̀ ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọlọ́rọ̀, wọ́n sì fi Zonophone sílẹ̀ fún mẹ̀kúnnù, ní owó pọ́ọ́kú.

Ẹnu ọ̀nà mẹ̀kúnnù yìí ni orin tiwa gbà wọlé. Ní ọdún 1922, Kánọ́ọ̀nù J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta, àlùfáà olóhùn iyọ̀ tí orin rẹ̀ ti mú ọ̀pọ̀ abọ̀rìṣà wọ ṣọ́ọ̀ṣì kí ìwàásù tó kàn wọ́n, tí ó sì tún jẹ́ bàbá tí ó bí bàbá Fẹlá Aníkúlápó, kọ orin ìsìn Yorùbá tí ó lé ní 40 fún wọn ní Lọ́ńdọ̀nù. Iná mànàmáná kò tí ì dá sí iṣẹ́ gbígba ohùn nígbà náà. 1925 ni ó tó dé ìdí rẹ̀. Ẹnu ìwo ńlá ni akọrin ń kọrin sí. Ohùn a mi ohun fẹ́lẹ́ kan ní ìdí ìwo, ìyẹn a mi abẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ a sì máa ha ipa tín-ín-rín sára ìda tí ń yí. Ara ìda yìí ni wọ́n ti ń mú àdàkọ onírin, àdàkọ náà ni wọ́n sì fi ń tẹ àwo tí wọ́n fi oje kòkòrò ilẹ̀ Íńdíà pò. Ojú àwo kan kò gbà ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, nítorí náà àlùfáà tí ó lè fa orin kan títí ilẹ̀ yóò fi ṣú ní láti kọ́ bí a ti ń gé e.

Iṣẹ́ tí ó wà lọ́rùn Kánọ́ọ̀nù sì ju ti Caruso lọ. Èdè Caruso kò ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ tí ń yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ padà, ṣùgbọ́n tiwa ní in. Àwọn tí ó mú ìgbàgbọ́ wá ti gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá wọ ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni fi bàtà ọmọdé wọ àgbàlagbà: orin a gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ gbé ń sọ̀kalẹ̀, ọkọ a di ọkọ́, ọkọ́ a di ọkọ̀, ìjọ a sì máa fi ohun tí ó yé Ọlọ́run nìkan yin Ọlọ́run. Ohun tí Kánọ́ọ̀nù ṣe ni pé ó jẹ́ kí orin tẹ̀lé ẹnu.

Oǹdó tiwa ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1877 ni Charles Phillips, òjíṣẹ́ ẹgbẹ́ ajíhìnrere C.M.S., dé sí ìlú wa. Òun ni ó bá àlùfáà Samuel Johnson gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà lọ, gbé e bọ̀, nígbà tí wọ́n ń parí ogun Kírìjì láàárín àwọn Yorùbá ní 1886, ó sì di bíṣọ́ọ̀bù ní 1893. Ọmọ rẹ̀, Thomas Ekundayo Phillips, kọ́ iṣẹ́ orin ní Lọ́ńdọ̀nù, ó jókòó nídìí dùùrù ní Christ Church Èkó láti 1914 títí di 1962, ó kọ́ olórin Fẹlá Ṣówándé níṣẹ́, ó sì ṣe ìwé jáde ní 1953 lórí orin Yorùbá. Ohun tí Kánọ́ọ̀nù fi ọ̀fun ṣe níwájú ìwo, Ekundayo fi tádàwà ṣàlàyé rẹ̀.

Ẹni mọyì wúrà là ń tà á fún, ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa: ẹ̀rọ ni àwọn ará Zonophone fẹ́ tà, orin wa ni wọ́n sì fi ṣe ìjẹ. Ládiípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ẹni tí ó dá WASU, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, sílẹ̀ ní 1925, kọrin fún wọn ní 1926. Láti 1927 ni wọ́n ti ń tẹ àwo onílẹ́tà EZ fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nìkan, ní Yorùbá, Fántì, Gáà, Ewé àti Haúsá. Domingo Justus kọ ti Yorùbá, àwọn mẹ́ta kan sì ti Kumasi wá ta gìtá fún wọn ní 1928. Lẹ́yìn náà ni ọrọ̀-ajé ayé dojú rú. Ní 1931, ilé-iṣẹ́ Gramophone àti ilé-iṣẹ́ Columbia papọ̀ di EMI. Ní 1932, Zonophone di Regal Zonophone.

Àwo tiwa ti fọ́, èkúté sì ti jẹ ìyókù, ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò wọ̀nyẹn kì í da nǹkan nù. Iṣẹ́ wọn wà nípamọ́ ní Hayes lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ilé-iṣẹ́ Honest Jon's ti ṣà nínú orin ọdún 1927 sí 1929, tí wọ́n sì tún gbé e jáde ní 2008. Ní Àkúrẹ́ tí mo ń gbé báyìí, mo fi díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú fóònù mi, mo sì gbé e tọ ẹ̀gbọ́n mi lọ ní Oǹdó, ẹni tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Wọ́n di ojú, wọ́n gbọ́ ọ tán láì fọhùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ìdí sókè díẹ̀, tí wọ́n sì fi ọwọ́ wá orí àga wò.