Ìfòòró láàárín akẹ́kọ̀ọ́: ewu tó ń ba ìlera ọmọ jẹ́ àti ọ̀nà tí a lè gbà dènà rẹ̀

Ọ̀pọ̀ òbí ló ti gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn nítorí inú rírun tàbí orí fífọ́ tí kì í tán bọ̀rọ̀, tí àyẹ̀wò kò sì fi ibà tàbí àrùn kankan hàn. Bí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ bá ń dé ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, tí ó sì ń lọ nígbà tí ilé-ìwé bá gba ìsinmi, ó yẹ kí òbí ṣe ìwádìí ohun tí ojú ọmọ náà ń rí láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ máa fòòró akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kì í ṣe eré ọmọdé. Dan Olweus, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá tí ó ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Norway, tí ó sì jẹ́ aṣáájú nínú ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí láti àwọn ọdún 1970, la àmì mẹ́ta kalẹ̀ tí a fi ń dá a mọ̀. Èkíní, a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é láti pa ẹlòmíràn lára tàbí láti bà á nínú jẹ́. Èkejì, a ń ṣe é lemọ́lemọ́. Ẹ̀kẹta, agbára ẹni tí ń ṣe é ju ti ẹni tí a ń ṣe é sí lọ. Nítorí náà, ìjà ọmọ méjì tí agbára wọn dọ́gba yàtọ̀ sí ìfòòró. Ṣùgbọ́n lílù, gbígba oúnjẹ tàbí owó, pípe ọmọ ní orúkọ ẹ̀gàn, yíya ọmọ sọ́tọ̀ láàárín ẹgbẹ́, àti fífi àwòrán rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, gbogbo wọn ló wà lára rẹ̀.

Àjọ UNESCO kéde ní ọdún 2019 pé, nínú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta kárí ayé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹnì kan ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fòòró ní ilé-ìwé láàárín oṣù kan. Ní Nàìjíríà, ní oṣù kẹrin ọdún 2024, fídíò kan tí ó fi hàn bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń gbá ọmọbìnrin kan létí léraléra ní ilé-ìwé aládàáni kan ní Àbújá mú kí gbogbo ìlú fárí gá.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ ju fídíò lọ. Àwọn tí ó gbé ilé-ìwé rí mọ ohun tí síníọ̀ ń fi ojú ọmọ kékeré rí: kí a gba gàrí àti mílíìkì rẹ̀, kí ó máa fọ aṣọ ẹlòmíràn, kí a jí i lóru pé kí ó kúnlẹ̀ kí ó gbé ọwọ́ sókè. Àwáwí tí wọ́n máa ń ṣe ni pé àwọn náà jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀. Àṣà Yorùbá kò fara mọ́ èyí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí síníọ̀ bá jẹ́ àgbà lóòótọ́, ààbò ni ó yẹ kí ọmọ kékeré rí lábẹ́ rẹ̀.

Ìpalára fún ìlera

Ọmọ tí a ń fòòró lè máà rí oorun sùn dáadáa. Ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílé lẹ́yìn tí ó ti dáwọ́ rẹ̀ dúró, kí ó má jẹun, kí ẹ̀rù máa bà á, kí èsì ìdánwò rẹ̀ sì máa lọ sílẹ̀. Bí ó bá le jù, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lè mú kí ó ronú láti pa ara rẹ̀ lára.

Ìpalára náà kì í tán sí ilé-ìwé. Ní ọdún 2014, àwọn olùwádìí ní King's College London gbé èsì ìwádìí jáde lórí àwọn ènìyàn 7,771 tí a bí ní Bìrìtìkó ní ọdún 1958. Àwọn tí a fòòró ní ọmọ ọdún 7 sí 11 ṣì ń ní ìṣòro ìlera ara àti ti ọpọlọ ju àwọn yòókù lọ nígbà tí wọ́n pé ẹni àádọ́ta ọdún.

Ohun tí ilé-ìwé lè ṣe

Norway bẹ̀rẹ̀ ìpolongo káàkiri orílẹ̀-èdè ní ọdún 1983. Ní ìlú Bergen, Olweus jábọ̀ pé ìfòòró dínkù tó ìdajì láàárín ọdún méjì ní àwọn ilé-ìwé 42. Ní Finland, Yunifásítì Turku ṣe ètò KiVa, tí ó dojú kọ àwọn òǹwòran, nítorí ẹ̀rín àwọn tó dúró wòran ni owó iṣẹ́ ẹni tí ń fòòró. Bí òǹwòran bá kọ̀ láti rẹ́rìn-ín, tí ó sì lọ pe olùkọ́, agbára ẹni náà ti dínkù.

Àwọn olùkọ́ lè máa ṣọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ilé oúnjẹ àti yàrá ìsùn, níbi tí ojú àgbà kì í sábàá dé. Kí a gba agbára ìfìyàjẹni kúrò lọ́wọ́ àwọn síníọ̀. Bí ẹjọ́ bá délẹ̀, kí a gbọ́ ti ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. A kò gbọdọ̀ fi ipá mú ẹni tí a fòòró láti bọ ọwọ́ lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú ẹni tó ń fòòró rẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá ń pe ọmọ ní òpè níwájú kíláàsì náà ń kọ́ àwọn yòókù ní ìwà kan náà.

Ojúṣe òbí

Ó dára kí òbí máa béèrè ẹni tí ọmọ bá jẹun àti ẹni tí ó bá ṣeré, kì í ṣe ipò tí ó mú nìkan. Bí ọmọ bá sọ̀rọ̀, kí a má bi í pé kí ló dé tí kò gbẹ̀san. Kí a kọ ọjọ́ àti ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, kí a sì mú un tọ ọ̀gá ilé-ìwé lọ. Òbí ẹni tí ń fòòró náà ní iṣẹ́ láti ṣe, nítorí ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 sọ pé a kò gbọdọ̀ pa ọmọ lára, a kò sì gbọdọ̀ ṣe ìpalára fún ọkàn rẹ̀. Láti ọdún 2020 ni àgbáyé ti ń fi Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù kọkànlá sọrí ìgbógunti ìwà yìí. Kò yẹ kí òbí àti olùkọ́ dúró de ọjọ́ náà. Ọmọ tí ó bá mọ̀ pé a ó gba òun gbọ́ ni yóò tètè sọ̀rọ̀, kí ọ̀ràn tó di ti ilé ìwòsàn.