Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Afẹ́fẹ́ tó ń tan iná ní Kẹ́ńyà

Ní àríwá Kẹ́ńyà, nítòsí adágún Turkana, afẹ́fẹ́ kì í sinmi. Àárín òkè Kulal àti òkè Nyiro ló máa ń gbà, agbára rẹ̀ sì pọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ri ẹ̀rọ 365 tí afẹ́fẹ́ ń yí mọ́lẹ̀, tí àpapọ̀ wọn lè pèsè mẹ́gáwáàtì 310.

Kí ló dé tí wọn ò lo ẹ̀rọ ńláńlá, kó kéré níye? Ọ̀nà ni! Apá ẹ̀rọ ò ṣe é gé sí méjì; bó ṣe gùn tó ni tírélà máa gbé e láti èbúté Mombasa. Èyí tí wọ́n yàn ò ju kìlówáàtì 850 lọ, apá rẹ̀ gùn tó nǹkan bíi mítà 25. Síbẹ̀, wọ́n ṣì ní láti tún ọ̀nà tó lé ní kìlómítà 200 ṣe.

Èyí tó dùn mí jù: ẹ̀rọ ti wà ní ìdúró ní 2017, ṣùgbọ́n wáyà tó máa gbé iná lọ sí ibùdó iná ní Suswa, ó lé ní kìlómítà 400, kò tíì parí. Ilé-iṣẹ́ tó gbaṣẹ́ wáyà ti wọko gbèsè. Àdéhùn ìjọba pẹ̀lú àwọn tó ni ẹ̀rọ sì sọ pé bí wáyà bá pẹ́, ìjọba máa san owó ìtanràn. Àwọn ará ìlú ló san owó ìtanràn náà níkẹyìn. 2018 ni iná tó wọlé.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà ò kéré. Ní 2021, ilé ẹjọ́ ní wọn ò gba ilẹ̀ àwọn darandaran ibẹ̀ bí òfin ṣe là á sílẹ̀.